Ọ̀gágun Tí Ó Fi Ẹ̀ṣọ́ Sí Ilé-Ìkàwé

Bí jagunjagun bá wọ ìlú tí ó ṣẹ́gun, ohun tí ojú rẹ̀ máa ń wá ni wúrà, ẹṣin àti ẹrú. Ìwé ni Thomas Fairfax kọ́kọ́ rántí.

Denton ní Yorkshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1612. Ọmọ ọlọ́lá ni. Òun ni ó jogún oyè Lọ́ọ̀dù nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1648. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1642 láàárín Ọba Charles Kìn-ín-ní àti ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹ̀yìn ìgbìmọ̀ ni Fairfax wà. Ní 1645, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà ọmọ ogun wọn.

Ogun kì í mọ iyì ìwé. Ní 1644, nígbà tí wọ́n dó ti ìlú York, àwọn ọmọ ogun ìgbìmọ̀ fi ẹ̀tù fọ́ ilé-ìṣọ́ kan tí ìwé àtijọ́ kún inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé náà ṣègbé. Orí yọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú wọn, nítorí pé ọ̀mọ̀wé kan, Roger Dodsworth, ti dà wọ́n kọ ṣáájú. Fairfax mọ iyì iṣẹ́ yìí. Ó ń fún Dodsworth ní owó lọ́dọọdún kí ó má bàa dáwọ́ dúró.

Ní 1646, Oxford túúbá fún Fairfax. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. John Aubrey, òǹkọ̀wé ayé ìgbà náà, ròyìn pé ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gágun ṣe ni pé ó fi ẹ̀ṣọ́ tí ó múná sí ilé-ìkàwé Bodley. Aubrey ní àwọn ọmọ ogun ọba tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti jí ìwé kó, wọ́n sì ti gé ẹ̀wọ̀n tí a fi so àwọn ìwé mọ́lẹ̀.

Ní 1650, Fairfax fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ gbógun lọ bá àwọn ará Scotland. Ó padà sí ilé rẹ̀ ní Nun Appleton, sí ìdí ìwé rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1671, ó fi ìwé àfọwọ́kọ tirẹ̀ àti ti Dodsworth, èyí tí ó lé ní àádọ́jọ ìdì, sílẹ̀ fún ilé-ìkàwé Bodley. Omi ti rin ti Dodsworth nígbà tí a ó fi bójú tó o ní 1673. Anthony Wood ni ó sá wọn sórí òrùlé títí wọ́n fi gbẹ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Dodsworth kọ ọ́, Fairfax ṣọ́ ọ, Wood sá a. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìbá máa ṣí wò ní Oxford lónìí.