Wádìí Kí O Tó Mú

Bí ọ̀dọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá bi mí pé kí ni mo rí kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdáhùn mi kò gùn: wádìí kí o tó mú. Ọ̀pọ̀ ló ń mú èèyàn tán kí wọ́n tó máa wá ẹ̀rí kiri.

Gẹdú lowó Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí wọ́n bá jí igi gé nínú igbó ọba, awakọ̀ tó gbé e ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ ká tì mọ́lé. Awakọ̀ kọ́ ló ni igi. Sọ́míìlì ni èmi máa ń gbà lọ: màá wo òǹtẹ̀ ìjọba tó yẹ kó wà lára gẹdú, màá bá àwọn tó ń lagi jókòó, orúkọ ẹni tó sanwó á sì jáde.

Àgọ́-Ìwòyè tún le ju ìyẹn lọ. Láti 1982 tí fásitì ti wà níbẹ̀, àlejò ló pọ̀ nínú àwọn ayálégbé. Bí ẹgbẹ́ òkùnkùn bá para wọn, “Ẹ kó gbogbo wọn!” laráàlú máa ń pariwo. Ọ̀dọ̀ olóúnjẹ ni mo máa ń lọ. “Màmá, ẹ kú ọjà o. Oníbàárà yín wo ni kò wá jẹun láti àná?” Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wúlò ju ẹgba lọ, òfin 2017 sì ti ka ìfìyàjẹni léèwọ̀ pátápátá.

Ní etí omi Ogun Waterside, ní Ìwópin àti Mákùn-Omi, afurasí tó bá fura á ti wọkọ̀ ojú omi gba ìhà Èkó tàbí Oǹdó lọ. Èyí ló ń mú ọlọ́pàá kánjú. Ṣùgbọ́n bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, wákàtí 24 péré ni òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún wa láti gbé ẹni tí a mú débẹ̀. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì ni, àfi bí adájọ́ bá fi kún un. Ẹni tí kò wádìí ṣáájú, kí ló fẹ́ rí kó jọ láàárín ọjọ́ méjì?

Nígbà tí mo di ọ̀gá, bí ọmọ iṣẹ́ mi kò bá lè ka ẹ̀rí rẹ̀ fún mi, n kì í ní kó lọ mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní mo ń fà sẹ́yìn. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará ìlú náà, bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá kanlẹ̀kùn, ohun tí ojú yín rí gan-an ni kí ẹ sọ. Ẹ fi àhesọ sílẹ̀.