Àdìrẹ Orí Bàbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ungwan Shanu ní Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, níbi tí èdè Háúsá ti yọ̀ lẹ́nu ọmọdé ju Yorùbá lọ. Àwọn kan nínú yín a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Yorùbá Òkè Ọya ni mò ń sọ. N ò bínú. Ẹ sáà gbọ́ ohun tó ṣe fún mi.

Ní ọlidé tó kọjá, mo fẹ́ ṣe pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí yóò máa gba fìríìjì ìyá mi lọ́wọ́ iná tó bá pọ̀ jù. Mo ra pátákó tí wọ́n lẹ bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ lójú. Mo ya ọ̀nà tí iná yóò gbà sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé léésà tẹ̀ ẹ́ sórí bébà dídán, ní òdì, bí ìgbà tí a bá wo ìwé nínú dígí. Léésà ló gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí tónà rẹ̀ kì í ṣe omi yíǹkì. Ìyẹ̀fun dúdú tí wọ́n fi ike ṣe ni. Bí ooru bá mú un, á yọ́, á sì lẹ̀.

Kí ló dé tí n kò ki pátákó bọ inú ẹ̀rọ náà tààrà? Ó nípọn tó mìlímítà 1.6, bàbà sì ń gbé iná, kì í jẹ́ kí iná tó ń fa tónà dúró lójú kan. Nítorí náà, mo tú ògbólógbòó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, mo yọ róólà gbígbóná rẹ̀ àti èkejì tó ń tẹ̀ ẹ́. Mo dẹ sípíríìngì wọn kí pátákó lè kọjá. Ooru rẹ̀ dọ́gba ju ti áyọ́ọ̀nù lọ. Mo ki pátákó àti bébà gba ibẹ̀ nígbà mélòó kan, mo rẹ wọ́n sínú omi, mo sì ń ṣí bébà kúrò nígbà tí ìyá mi dé.

“Kí lò ń ṣe?” Mo bẹ̀rẹ̀ òyìnbó. Ó ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ronú díẹ̀, mo ní: “Ásíìdì ni mo fẹ́ rì í sí. Ibi tí dúdú yìí bá wà, ásíìdì kò ní lè jẹ bàbà ibẹ̀. Ibi tí kò sí, á jẹ ẹ́ tán.”

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. “Àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn kẹ̀!”

Aláró ni ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n á fi páànù tí a gé lọ́nà lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún pa á, á gbẹ, wọ́n á rì í sínú aró. Bí wọ́n bá ha ẹ̀kọ kúrò, ọnà á yọ funfun. Ó wá bi mí pé: “Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó là? Ẹ̀kọ tó bá là, aró á wọ ibẹ̀.”

Mo gbé e sójú oòrùn. Ihò wínníwínní méjì ló wà lára tónà. Mo fi máákà tí omi kì í pa rẹ́ dí wọn, kí n tó rì í sínú ferric chloride. (Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, ẹ má sì da omi rẹ̀ sí gọ́tà.) Mo fi tínà nu tónà, bàbà sì ń dán lọ́nà lọ́nà. Fìríìjì náà ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1936, Paul Eisler ti tẹ irú ọ̀nà iná báyìí fún rédíò. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ti àwọn aláró Ìtòkú kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tiwọn ló yọ pánẹ́ẹ̀lì mi.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí a bá kọ́ ní kíláàsì, ẹ jẹ́ ká gbé e dé iwájú ìyá wa, ká sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí a kò bá rí i sọ, bóyá ni ó tí ì yé wa. Ire o.