Ìpàdé Tí A Ṣe Lórí Náìnì

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa, ọwọ́ mi sì ni ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ máa ń wà. Ojú ewé kan wà nínú rẹ̀ tí n kì í fẹ́ ṣí. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: "Ẹni 7 ní kí ó dúró, ẹni 6 ní kí ó máa lọ." Nígbà tí ìbò kàn mí, mẹ́fà sí mẹ́fà ni. Èmi ni ẹni keje.

Náìnì ni a ń pe atamátàsé wa, nítorí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Nígbà ìsinmi Àjíǹde ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ kan wá láti òdìkejì Ìbàdàn, wọ́n bá Kóòṣì wa ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń lẹ táyà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mú Náìnì, àwọn yóò sì fún wa ní bọ́ọ̀lù tuntun 2, aṣọ tó kárí gbogbo ẹgbẹ́, àti ₦80,000. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí a ní nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kóòṣì ti lẹ̀ ẹ́ bí ẹni lẹ táyà. Ṣùgbọ́n ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a gbá àṣekágbá ìdíje àdúgbò.

Kóòṣì kò fẹ́ kí a pè é ní títà. Ó ní ọmọ ènìyàn kì í ṣe ewúrẹ́. Síbẹ̀, ó ní kí Náìnì dúró síta, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Mo dìde, mo ní: "Victor Osimhen gbá góòlù 26 wọlé ní líìgì Ítálì, Napoli gba ife ní 2023, èyí tí wọn kò rí gbà láti 1990. Ṣé wọ́n tà á? Wọ́n dì í mú!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn fún bàbá mi. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. "Ìwọ tí o mọ ti 2023, kí ló ṣẹlẹ̀ ní 2024?"

Mo mọ̀ ọ́n, mo kàn fò ó ni. Ipò kẹwàá ni Napoli wà nígbà tí sáà yẹn parí, akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta ni wọ́n sì lò. Osimhen wà níbẹ̀ o! Ẹ̀yìn ni ilé ti ń jò: wọ́n ti ta Kim Min-jae fún Bayern Munich, wọn kò sì rí irú rẹ̀ fi dípò. Bẹ́ẹ̀, ní 2022, nígbà tí Koulibaly lọ sí Chelsea, tí Insigne àti Mertens náà kúrò, inú bí àwọn olólùfẹ́ wọn gidigidi. Kim àti Kvaratskhelia tí wọ́n mú wọlé ní ọdún yẹn ló wà lára àwọn tó gba ife fún wọn. Ní 2025 wọ́n tún gba ife, lẹ́yìn tí Osimhen ti wà ní Galatasaray, tí wọ́n sì ta Kvaratskhelia fún PSG láàárín sáà. Nígbà tó yá, Galatasaray san mílíọ̀nù 75 owó Yúrò láti ra Osimhen pátápátá.

Shooting Stars ni ẹgbẹ́ bàbá mi, wọn kì í kọ̀ ọ́ bó tilẹ̀ ń fìdí rẹmi. Wọ́n ní níbí ni Rashidi Yekini ti gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó lọ sí Abiola Babes, kí ó tó dé Abidjan, kí ó tó dé Setúbal ní ilẹ̀ Potogí. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé ní Ife Àgbáyé, ní 1994, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ti wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé: "Náìnì ńkọ́, kí lòun alára sọ?"

Mo ṣí ìwé. Orúkọ ẹni 13 ló wà níbẹ̀. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

A gbá àṣekágbá náà, a sì borí pẹ̀lú 2 sí 1. Náìnì ló gbá méjèèjì wọlé. Ife náà wà lórí pákó ní ṣọ́ọ̀bù Kóòṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo gọ́ọ̀mù. Ẹgbẹ́ ọ̀hún ti mú ọmọ mìíràn. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé àṣìṣe ni a ṣe bí a ṣe dá a dúró, n kò lè dáhùn kíákíá, nítorí mo gbé ife yẹn sókè pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì, inú mi sì dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Náìnì bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò bínú. Ó ní, "Akọ̀wé, mo gbọ́ pé ìwọ lo sọ̀rọ̀ Osimhen. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sanwó fún Osimhen."

Òótọ́ ni. Ní oṣù Kejìlá 2023, Osimhen fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun, iye tí ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ yóò san sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n bá a sọ ọ́. Àwa kò bá Náìnì sọ nǹkan kan. Àbùlẹ̀ bọ́ọ̀lù wa sì ti tún ṣí nígbà tó máa fi di oṣù tó tẹ̀ lé e.

Nígbà ìsinmi gígùn, ẹgbẹ́ mìíràn wá béèrè aṣọ́lé wa. Kóòṣì ní kí n ṣí ìwé kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo sáré lọ sí ìsọ̀ ìyá aṣọ́lé wa, níbi tó ti ń bá wọn ka tòmátì. Ó fọ ọwọ́, ó tẹ̀ lé mi, Kóòṣì sì sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.