Ṣaasí Wo Ni Kí A Rà?



Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ yóò lo oṣù mẹ́ta ní òkè Scotland. Owó tí àwọn onílé ń bèèrè níbẹ̀ kọjá agbára wa. Nítorí náà ni a ṣe da owó pọ̀ láti ra mọ́tò kékeré àlòkù tí a lè máa sùn, tí a sì lè máa se oúnjẹ nínú rẹ̀. Gbogbo owó tí a ní nìyẹn. Bí mọ́tò náà bá dá wa dúró sí ọ̀nà, iṣẹ́ ìwádìí wa náà dúró nìyẹn.

Àwọn tí ń tà á a máa fi bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnnì fa ojú ẹni mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn káfíńtà wa ti ń kan pákó lé ṣaasí Bedford títí yóò fi di bọ̀lẹ̀kájà, tàbí tí ó mọ bí Mercedes 911 ti di mọ́lùẹ́ ní Èkó, yóò mọ̀ pé abẹ́ ni mọ́tò wà.

Volkswagen Transporter, tí a mọ̀ sí danfó nílé, a máa wọ ibi gbogbo. Ní 1990 ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì èyí tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì kúrò ní ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ga bí ọ̀pẹ. Oṣù mẹ́ta ni yóò fi máa dọ̀bálẹ̀ fún ìkòkò ọbẹ̀.

Fiat Ducato ni òun fẹ́. Ẹsẹ̀ iwájú ni ó ń fà á, kò sí irin gígùn tí ó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, nítorí náà ilẹ̀ inú rẹ̀ lè rẹlẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ ṣaasí AL-KO ni wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ènìyàn lè nàró dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn, tí koríko sì tutù, ẹsẹ̀ iwájú a máa yí lásán. Ẹ sì mọ òjò Scotland!

Èmi ní kí a wá Ford Transit tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì. Ó ga láti gùn, òun fúnra rẹ̀ sì wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n orí ẹsẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ẹrù jókòó lé. Òkúta ni àwa yóò kó bọ̀, kì í ṣe òwú.

Ìwọ̀n ni ó wá kù. Ẹni tí ó gba láísẹ́nsì mọ́tò kékeré ní Britain láti oṣù kìn-ín-ní 1997 kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ dísù tí ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí fún un ju kílò 3,500 lọ, àfi bí ó bá ní C1. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹ ka omi 100 lítà, àwa méjì, ìwé, gáàsì àti ẹ̀wà, kí ẹ tó kan òkúta.

Ní Sátidé a ń lọ wo Transit kan. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ibi tí wọ́n ti ń wọn lọ́rì ni a ó kọ́kọ́ gbé e lọ. Bí àyè ẹrù tí ó kù kò bá tó kílò 400, a kò ní san kọ́bọ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ráhùn nítorí orí rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní jáàkì tí ó lè gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá wa. A ó dá a padà kí ilé-ìwé tó wọlé.