Aláǹgbá Olórí Pupa Kò Lóró: Ẹ Sọ Òkúta Ọwọ́ Yín Sílẹ̀!

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi gbé e síta. Ọ̀rọ̀ aláǹgbá ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ aláǹgbá sọ ọdún di ẹkún fún ìyá ọlọ́mọ kan lójú mi.

Mọ́ńdè ọdún Àjíǹde tó kọjá ni èmi àti àwọn ará àdúgbò wa gun òkè Ìdànrè. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí mọ̀ pé àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lèèyàn ń gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè. Níbi tí a ti ń sinmi ni ọmọbìnrin kan ti figbe ta pé, “Mọ̀mí, ẹ wo nǹkan!” Ẹranko kan ló nà sórí àpáta nínú oòrùn. Orí rẹ̀ pọ́n bí epo, ara rẹ̀ dúdú bí aró, ìrù rẹ̀ náà ní pupa láàárín. Ó ń mirí sí wa.

Ìyá kan ní, “Olóró ni! Tó bá fi lè bu èèyàn jẹ, ó parí nìyẹn.” Bọ̀dá kan ní ti orí àpáta yàtọ̀ sí ti ilé, pé iwin òkè ni. Kí n tó lanu, ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 11 lọ ti gbé òkúta, ó ti kúrò lórí àtẹ̀gùn, ó ń lé e lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀! Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó fi ṣẹ́ẹ̀tì gbá a mú, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn. Aláǹgbá ńkọ́? Ó ti wọ pàlàpálá àpáta lọ ní tiẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe tíṣà ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Aláǹgbá tí gbogbo wa ń rí lára ògiri náà ni. Akọ ni. Akọ tó bá ti di baálé níbi kan ni orí rẹ̀ ń pọ́n báyẹn. Àwọ̀ ilẹ̀ ni ti abo àti ti ọmọ, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń rò pé ẹ̀yà méjì ni wọ́n. Tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọ̀ akọ pàápàá a ṣá. Orí tó ń mì yẹn, kì í ṣe èèyàn ló ń bá wí. Akọ bíi tiẹ̀ ló ń kìlọ̀ fún pé ibẹ̀ ti lólówó. Àpáta sì bá a lára mu, torí ó nílò ooru oòrùn kó tó lè sáré. Ògiri wa ló sọ di àpáta láàárín ìlú.

Kò lóró rárá. Tẹ́ ẹ bá dì í mú, ó lè gé yín jẹ díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò ni aláǹgbá olóró tí ìwé ń sọ wà, kò sí nílẹ̀ wa. Èèrà, ikán àti tata ni tiwa ń jẹ, ṣebí oore ló ń ṣe fún wa! Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, nítorí kòkòrò àìfojúrí tó ń da inú rú lè wà lára rẹ̀. Awọ́nríwọ́n ni kẹ́ ẹ yà fún, òun tóbi jù ú lọ fíìfíì, ìrù rẹ̀ sì ń na èèyàn bí ẹgba. Aláǹgbá tiwa kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, tìrù-tìrù.

Ẹ̀yin òbí, ewu tó wà lórí òkè kì í ṣe ti aláǹgbá. Àpáta tó ń yọ̀ ni, àti pàlàpálá tí ọmọ ń tọwọ́ bọ̀, tí ejò lè wà níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín pé tó bá rí ohun tí kò mọ̀, kó dúró sójú àtẹ̀gùn, kó wò ó dáadáa, kó sì bi àgbà. Àgbà tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó yáa dákẹ́, kó má pè é ní olóró.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì,
Àkúrẹ́.