Ọdún Ń Parí Lọ, Ẹ Jẹ́ Ká Ṣọ́ Ẹnu

Bí oṣù Disẹ́ńbà bá ti wọlé báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn wa máa ń yí padà. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní onígbèsè láti oṣù Kẹ́sàn-án á ṣàdédé di "ọ̀rẹ́ mi àtàtà". Nítorí kí owó lè jáde ni o!

Yorùbá kì í fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé nǹkan dópin. Bí ọba bá kú, a ní ó wàjà. Bí àgbàlagbà bá lọ, a ní ó sùn, tàbí ó papò dà. Ẹni tó tiẹ̀ ń lọ sílé lásán, "ó dàbọ̀" là ń sọ fún un, ìyẹn ni pé à ń retí àbọ̀ rẹ̀. Òkú là ń kí ní "ó di gbéré, ó di àrìnnàkò". Ẹni tó bá sọ ìyẹn fún alààyè tó fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Èkó, ìjà ló ń wá.

Ọdún ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tá a fi ń pe oṣù 12 náà la fi ń pe àjọ̀dún: ọdún Iléyá, ọdún Kérésì, ọdún egúngún. Láyé àtijọ́, bí iṣu tuntun bá jáde, àwọn àgbà á mọ̀ pé ọdún ti yípo. Kàlẹ́ńdà òyìnbó ló gbé ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì wá. A ò sì ní ọdún kú. "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún" là ń wí. Ẹni tó yè ni wọ́n ń kí. (Kú tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ikú o, bí ohùn wọn tilẹ̀ jọra. Àlejò tó ń kọ́ èdè wa lè fi ẹsẹ̀ fẹ.)

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ gbèsè fi máa ń gbóná lópin ọdún. Ìyá aláṣọ kan wà lọ́jà kan n'Ìbàdàn, ó gbé ánkárá láwìn fún onídìrí kan tó ń múra ìnáwó. Oṣù mẹ́rin kọjá, kò sówó. "Ẹ padà wá lọ́la, mọ́mì" ni ṣáá. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún parí, inú bí ìyá aláṣọ. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ó ní, "Tó o bá fi gbèsè mi wọ ọdún tuntun, ọdún yìí lo máa bá lọ!"

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ tó ń dirun dá ọwọ́ dúró.

Ṣebí owó ló wá gbà? Àmọ́ láti ìṣẹ́jú yẹn, ọ̀rọ̀ owó ti kúrò ńlẹ̀. Onídìrí ò rí gbèsè mọ́, èpè ló ń rí. Lálẹ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó ní ẹnu ìyá aláṣọ ló fà á. Ìyá aláṣọ náà ò rí oorun sùn. Ó mọ̀ pé tí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn kí ọdún tó yípo, ì báà jẹ́ ibà lásán, òun ni gbogbo ọjà máa nàka sí. Ta ló máa wá ra aṣọ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ kì í pa èèyàn. Bóyá òótọ́ ni, àmọ́ ó ń pa ọjà.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gba ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà lọ. Ìyẹn ò dá ẹjọ́ gígùn. Ó ní kó fi omi tútù yọ ẹnu, kó padà síbi tó ti sọ ti àkọ́kọ́, kó lọ sọ òmíràn. Kí onídìrí náà mú ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá.

Ìyá aláṣọ lọ. Ó ní, "Ọmọ mi, àṣèyí ṣàmọ́dún. Wàá rówó ra tìẹ, o ò ní gbàwìn mọ́."

Onídìrí kúnlẹ̀, ó ṣe àmín, ó ka ìdajì owó sí i lọ́wọ́. Ó ní ìdajì tó kù di Jánúárì.

"Mo gbọ́," ni ìyá aláṣọ wí. "Ọjọ́ wo nínú Jánúárì?"