Ọkọ̀ Tó Ń Fà Sí Ẹ̀gbẹ́

Àwa tí a dàgbà ní Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nígbà tí owó kòkó àti owó gẹdú ṣì ń ra ọkọ̀, Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá àti Pìjó 504 la fi mọ ohun tí ọkọ̀ ń jẹ́. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn méjèèjì nílẹ̀ yìí, ìjàpá ní Èkó, Pìjó ní Kàdúná, nígbà tí àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Udoji ṣì gbóná lápò òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọkọ̀ tuntun ni nígbà náà. Lónìí, ọmọ tó jogún rẹ̀ ń pè é ní kílásíìkì, ó kùn ún ní ọ̀dà, ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Ṣùgbọ́n bó bá wà á dé Àgọ́-Ìwòyè, apá á ti ro ó, nítorí ọkọ̀ náà ń fà sí ẹ̀gbẹ́.

Nígbà tiwa, inú àgbàlá la ti ń wo àrùn yẹn sàn. Mẹkáníìkì á dé tòun ti sípánà, tépù àti okùn. Á ní ká ti ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, ká fẹ́ atẹ́gùn sínú táyà bó ti yẹ, ká sì mú sítíárì dúró gbọọrọ. Á gbé búlọ́ọ̀kù kalẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, á na okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Okùn náà kò gbọdọ̀ kàn fara ti táyà, torí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í sábà fẹ̀ dọ́gba. Láti àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kí ọ̀tún má bàa jìnnà ju òsì lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti etí rímù, níwájú àti lẹ́yìn. Ó yẹ kí táyà iwájú méjèèjì kọjú síra díẹ̀, ní ìwọ̀n mílímítà mélòó kan péré, torí bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, wọ́n á fẹ́ là síta. Bí wọn kò bá rí bẹ́ẹ̀, á tú nọ́ọ̀tì táí-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so sítíárì mọ́ táyà, á yí tọ̀tún bó ti yí tòsì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ sítíárì á wọ́. A ó ti ọkọ̀ síwá, a ó tì í sẹ́yìn, á tún un wọ̀n. Àwa ọmọdé la ń di okùn mú lórí búlọ́ọ̀kù. Bí okùn bá sọ̀, ìfọ́tí ni.

Lónìí, orí pèpéle irin ni ọkọ̀ ń gùn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n á de páálí mọ́ rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kámẹ́rà á máa wò wọ́n, kọ̀ǹpútà á sì ka ohun tí okùn tiwa kò lè kà: bí táyà ṣe fì sínú tàbí síta, bí òpó tó ń yí i ṣe tẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tó bá dára á yọ àwọ̀ ewé, ohun tí kò dára á yọ pupa. Ìwé á jáde, owó á sì jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ fúnra wa nípa okùn yẹn. Ilẹ̀ pupa tí òjò ti wọ́ ni àgbàlá wa, kò tẹ́jú délẹ̀délẹ̀. Tépù aláṣọ tó ti fà ni wọ́n fi ń wọn mílímítà. Orí ọ̀gá ni nọ́ńbà wà, kò sì ní sọ ọ́ fún ọmọṣẹ́ títí tí yóò fi gba fírídọ̀ọ̀mù. A wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lórí táyà tí okùn inú rẹ̀ ti yọ jáde, bí ó bá bẹ́, a ní ayé ló ṣe é. Lóòótọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, Wọlé Ṣóyínká wà nídìí rẹ̀. Àmọ́ oṣù Kejì ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo wa. Orí ló ń kó wa yọ ṣáájú ìgbà náà, kì í ṣe ọgbọ́n mẹkáníìkì.

Ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà tàn yín. Ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló ń wọ̀n. Kò mọ̀ pé rọ́bà bùṣìn ti kú, kò mọ̀ pé táí-rọ́ọ̀dù ń mì. Ọ̀gá àtijọ́, pẹ̀lú bó ṣe ń fi àṣírí pa mọ́, á kọ́kọ́ fi jáàkì gbé ọkọ̀, á di táyà mú lọ́tùn-ún lósì, á gbọ̀n ọ́n. Á dì í mú lókè nísàlẹ̀, á tún gbọ̀n ọ́n. Ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ kí ọwọ́ òun dọ̀tí. Lára 504, bí táyà iwájú ṣe kọjú síra tàbí là síta nìkan ni sípánà lè tún ṣe. Bí ìyókù bá yọ pupa, nǹkan ti tẹ̀ tàbí ó ti jẹ, ẹni tó bá ní òun á fi kọ̀ǹpútà tọ́ ọ, owó yín ló ń wá. Kòtò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Òrù sì tó láti ba iṣẹ́ okùn àti ti kọ̀ǹpútà jẹ́.

Ohun tó wá yà wá lẹ́nu ni pé okùn ti padà dé. Àwọn ọ̀dọ́ ń wò ó lórí YouTube, lọ́dọ̀ òyìnbó tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe nílé rẹ̀. Àṣírí tí ọ̀gá fi pamọ́ fún ọmọṣẹ́ di ọ̀fẹ́, bí dátà kò bá tán. Wọn kò ní ọmọ tí yóò di okùn mú. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń so ó mọ́, búlọ́ọ̀kù kì í sì í gba ìfọ́tí.

Ẹ̀yin tí Pìjó bàbá yín ṣì wà nílé, ẹ gbọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó na okùn, kí ẹ tó sanwó kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ fọwọ́ pa ojú táyà iwájú méjèèjì. Bí etí inú ló ń jẹ, wọ́n là síta. Bí etí òde ló ń jẹ, wọ́n kọjú síra jù.